Bí a ṣe ń darí ètò rédíò lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa olórí agbésùnmọ̀mí

Tí ìròyìn bá ti jáde pé wọ́n ti pa olórí agbésùnmọ̀mí kan, ìbáà jẹ́ ní Sambisa, ìbáà jẹ́ lókè òkun, fóònù wa kì í sinmi mọ́. Ẹni tó ń ka ìròyìn kò ní tíì kà á tán tí àwọn èèyàn yóò ti máa pè. Ètò òwúrọ̀ ni mò ń ṣe nílùú Àkúrẹ́ níbí, ní èdè Yorùbá: a ó ka ìròyìn, a ó tú u palẹ̀, a ó sì ṣí ìlà sílẹ̀ fún aráàlú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló ní kí n kọ bí mo ṣe ń ṣe é sílẹ̀, nítorí wọ́n ti rí i pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ le ju ọjọ́ ìdìbò lọ. Lọ́jọ́ ìdìbò, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ là ń sọ. Lọ́jọ́ tí apààyàn bá kú, oníkálukú á máa sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, á sì máa pè é ní ọ̀rọ̀ ààbò ìlú.

Iṣẹ́ àtọ́kùn lọ́jọ́ náà ni pé kó ya ọ̀rọ̀ ẹni tó kú sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ gbayì, kí olùgbọ́ má sì rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ń bójú tó ojú òpó WhatsApp ẹbí tàbí ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde náà lè lo púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ariwo tiwọn ò kéré sí tiwa.

Ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ ti jáde?

Ẹ má ṣí ìlà kankan títí ẹ ó fi mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. "Wọ́n ti pa á" yàtọ̀ pátápátá sí "iléeṣẹ́ ológun sọ pé àwọn ti pa á," ó sì yẹ kí a gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn lẹ́nu yín.

Ẹ wo Abubakar Shekau, olórí Boko Haram. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà ní ó ṣeé ṣe kí ọgbẹ́ tó gbà ní Sambisa ti pa á. Kò pẹ́ púpọ̀, fídíò rẹ̀ jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n ní àwọn ti pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bashir Mohammed ní Kóńdúgà, pé òun ló ń ṣe bíi Shekau nínú fídíò. Fídíò mìíràn tún jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, wọ́n ní bọ́ǹbù ọkọ̀ òfurufú ti ṣe é léṣe débi pé kò lè là á já. Ó là á já. Nígbà tó wá kú lóòótọ́, ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọwọ́ ọmọ ogun wa kọ́ ló kú sí. Àwọn ISWAP, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tí òun àti wọn jọ wà pa pọ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pín yà, ni wọ́n ká a mọ́ inú igbó, ó sì fi bọ́ǹbù pa ara rẹ̀ kó má bàa bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn ISWAP fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ohùn kan tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹfà.

Nítorí náà, mo máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ iwájú mi ní sítúdíò. Ohun tí mo kọ sí i ni: ta ló sọ ọ́, aago mélòó ló sọ ọ́, kí sì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkú náà wí. Ẹ̀kẹta yẹn kì í tètè dé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pa Osama bin Laden, olórí al-Qaeda, ní Abbottabad ní Pakistan, ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2011, ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni al-Qaeda tó jẹ́wọ́ pé ó ti kú. Nígbà tí wọ́n pa Abu Bakr al-Baghdadi ní Síríà lópin oṣù kẹwàá ọdún 2019, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí IS, ẹgbẹ́ rẹ̀, tó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún olùgbọ́ pé a ń retí ìyẹn. Ẹni tó bá ń kánjú á bínú, ṣùgbọ́n ẹni tó rántí ọ̀rọ̀ Shekau á dúró.

Ìbéèrè mẹ́rin, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú irú ìròyìn yìí. Ṣé ó kú? Ṣé bó ṣe kú yìí tọ́? Ta ni ìyìn yẹ? Ṣé ogun máa dínkù? Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kì í fẹ́ dúró lórí ẹyọ kan. Ẹ bi í ní ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀kẹta lá fi dá yín lóhùn, kò sì ní mọ̀ pé òun ti fò ó.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹnì kan á pè láti Ìjọ̀kà: "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí. Ṣé ẹ ti wá rí i báyìí pé ìjọba wa ń ṣiṣẹ́?" Mo á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ gbà pé ọkùnrin náà ti kú lóòótọ́?" Á ní, "Ṣé ìjọba á kàn jókòó, wọ́n á máa parọ́ ni?" Ẹni tó tẹ̀ lé e á pè láti Ọ̀bà-Ilé: "Àǹtí mi, pẹ̀lú iye tí gáàsì dà yìí, kí ni ikú ẹnì kan fẹ́ ṣe fún wa?" Mo á tún bi òun náà bóyá ó gbà pé ó kú. Á ní, "Tó bá tiẹ̀ kú, ìbò ni wọ́n ń wá." Àwọn méjèèjì ti fún mi ní èsì ìbéèrè kan náà, èyí tí n kò tíì bi wọ́n. Ti Ìjọ̀kà ní ìyìn jẹ́ ti ẹgbẹ́ òun. Ti Ọ̀bà-Ilé ní kò sí ìyìn fún ẹgbẹ́ kejì. Òkú tí a tìtorí rẹ̀ ṣí ìlà, kò sẹ́ni tó bá a dé ibi kankan.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń pín wákàtí náà. Mo á sọ ọ́ síta látìbẹ̀rẹ̀ pé, láti aago méje sí méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bóyá ó kú tàbí kò kú nìkan la ó sọ. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ìyìn wá, mo á ní, "Sà, ẹ ò jẹ̀bi rárá, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ ní aago méje ààbọ̀. Ẹ bá mi dúró, tàbí kí ẹ padà pè." Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kí ẹ sì mú un ṣẹ. Tí aago méje ààbọ̀ bá lù tí ẹ ò ṣí ọ̀rọ̀ náà, wọn ò ní gbà yín gbọ́ mọ́ láéláé. Ìbéèrè kẹrin ni mo máa ń fi sẹ́yìn, torí pé òun ló nílò àpẹẹrẹ jù.

Ẹ lọ mú ìtàn láti ọ̀nà jíjìn

Tí ẹ bá ní kí ẹ fi Buhari tàbí Jonathan ṣe àpẹẹrẹ lọ́wọ́ kan, etí ìdajì àwọn olùgbọ́ yín á di. Mo máa ń kọ́kọ́ lọ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ tó ní káàdì ẹgbẹ́ ibẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ni ti Abu Musab al-Zarqawi.

Ọmọ ilẹ̀ Jọ́dánì ni, òun sì ni olórí al-Qaeda ní Ìráàkì lákòókò tí ogun ibẹ̀ gbóná janjan. Ẹ̀bùn mílíọ̀nù 25 dọ́là ni Amẹ́ríkà gbé lé orí rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 2006, ọkọ̀ òfurufú ogun F-16 ju bọ́ǹbù méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 500 pọ́n-ùn, sórí ilé tó sá pamọ́ sí nítòsí Baqubah. Lọ́jọ́ kejì, Nouri al-Maliki, olórí ìjọba Ìráàkì, kéde ikú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo máa ń rọra sọ. Àwọn kan lẹ́yìn Ààrẹ Bush ní ogun ti yí padà, pé àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lu ogun náà ti rí ìtìjú. Nínú ẹgbẹ́ kejì, ìyẹn Democrat, púpọ̀ nínú àwọn olórí wọn yin àwọn ọmọ ogun, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ọgbọ́n ìdìbò ni, pé wọ́n fẹ́ fi bo àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní nígbà tó ti kú, kí àwọn ọmọ ogun máa bọ̀ nílé. Bush fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ ṣe tó àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ gbangba pé àwọn agbésùnmọ̀mí yóò máa bá a lọ láìsí i níbẹ̀. Mo máa ń tún gbólóhùn yẹn sọ lẹ́ẹ̀mejì lórí afẹ́fẹ́, torí ẹni tó ni ìyìn náà gan-an ló ń bu omi sí i.

Ẹnì kan wà nínú ìtàn yìí tí ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé. Michael Berg lorúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Nick, ni àwọn èèyàn Zarqawi bẹ́ lórí ní Ìráàkì ní ọdún 2004. Bí Zarqawi ṣe kú, àwọn oníròyìn sáré lọ bá bàbá náà, wọ́n retí pé yóò dúpẹ́. Ó ní ikú ènìyàn yòówù kó jẹ́ máa ń dun òun, ti Zarqawi náà sì wà lára rẹ̀, pé ẹ̀san ni yóò tún bí. Ó sì dá Bush lẹ́bi. Ó yà wọ́n lẹ́nu gidigidi. Bẹ́ẹ̀ sì ni, òun náà ń du ipò lọ́wọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ Green ní ìpínlẹ̀ Delaware lọ́dún yẹn. Tí mo bá sọ dé ibí, mo máa ń bi àwọn olùgbọ́ pé: ṣé bàbá ló ń sọ̀rọ̀ ni, àbí olóṣèlú? Ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ẹni tó lè fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Èmi ò lè là á, mo sì gbà pé ó láṣẹ láti sọ ohun tó sọ.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe yọrí sí? Ogun Ìráàkì kò rọ̀ lọ́dún náà. Ní oṣù kọkànlá, ẹgbẹ́ Bush pàdánù ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì, nítorí náà ìbò tí wọ́n ní ó ń wá, kò rí i. Ẹlòmíràn gba ipò Zarqawi, wọ́n pa òun náà ní 2010, Abu Bakr al-Baghdadi sì di olórí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, àwọn èèyàn rẹ̀ ti gba ìlú Mosul. Ẹni tó bá pè lọ́jọ́ yẹn tó ní "ogun ti parí" kò mọ̀. Ẹni tó bá ní "kò já mọ́ nǹkan kan" náà kò mọ̀, torí Zarqawi ló dá ètò tó pa bí ọgọ́ta èèyàn ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì Amman lọ́dún 2005, kò sì lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀ mọ́.

Ẹ yí ẹgbẹ́ padà, kí ẹ tún béèrè

Lẹ́yìn ìtàn yìí ni mo tó máa ń lo ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹgbẹ́ kejì ló wà níjọba lónìí, kí lẹ̀ bá sọ?" Ẹ rọra béèrè rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin náà ò mọ èsì. Ohùn ló ń ba ìbéèrè yìí jẹ́ tàbí ló ń tún un ṣe. Tí ẹ bá fi ẹ̀rín ẹ̀gàn sí i, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí wọ́n ní Shekau kú lábẹ́ Jonathan, àwọn ará APC tó ń pè wá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ti PDP ń pè wọ́n ní ọ̀tá ilẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ní ó tún kú lábẹ́ Buhari, wọ́n pààrọ̀ ìjókòó, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ ara wọn. Ẹ̀rín tí APC rín ni PDP ń rín. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí bin Laden kú lábẹ́ Obama tó jẹ́ Democrat, àwọn Republican kan, ìyẹn ẹgbẹ́ Bush, sáré sọ pé Bush ló bẹ̀rẹ̀ ìwákiri náà. Ní ọdún 2012 tí ìdìbò ń bọ̀, Mitt Romney, tó ń bá Obama du ipò ààrẹ, ní Jimmy Carter pàápàá, ààrẹ àtijọ́ tí àwọn Republican máa ń pè ní aláìlágbára, ì bá pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó kan Baghdadi lábẹ́ Trump, Nancy Pelosi, olórí àwọn Democrat nílé ìgbìmọ̀ aṣojú, ń béèrè ìdí tí Rọ́ṣíà fi gbọ́ ṣáájú àwọn olórí ilé ìgbìmọ̀. Ìbéèrè tó nídìí ni. Ẹ ṣáà ronú sí i bóyá ohùn rẹ̀ á lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ Obama.

Ìkìlọ̀ kan: kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tako ariwo ayọ̀ ló ń ṣe ti ẹgbẹ́. Ẹnì kan á pè, á ka Òwe orí 24, ẹsẹ 17, pé kí a má yọ̀ nígbà tí ọ̀tá wa bá ṣubú. Ẹ jẹ́ kó kà á parí. Ẹlòmíràn á rán yín létí Mohammed Yusuf, olùdásílẹ̀ Boko Haram, tí àwọn ọmọ ogun mú láàyè ní Maiduguri ní ọdún 2009, tí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, tó sì kú sí àhámọ́ wọn ní ọjọ́ 30 oṣù keje. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Shekau dé, ohun tí ojú wa sì rí lẹ́yìn náà burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tó bá mú èyí wá ń dáhùn ìbéèrè kejì, èyí tí gbogbo èèyàn ń fò. Tí ẹnì kan bá pè lẹ́yìn rẹ̀ tó pè é ní alátìlẹ́yìn agbésùnmọ̀mí, ẹ dá sí i lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni fún Mùsùlùmí tí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé inú òun dùn. Wọn kì í bi Kìrìsìtẹ́nì ní irú ìbéèrè yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni lórí ètò yín.

Àwọn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí

Ẹ ó dá wọn mọ̀. Gbólóhùn kan náà ni ẹni mẹ́ta á sọ, láti Arákalẹ̀, láti Ìsìkàn, láti Ìdànrè, títí kan ibi tí wọ́n ti ń mí. Orí WhatsApp ẹgbẹ́ ni wọ́n ti gbà á láàárọ̀. Ẹ má lé wọn. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan kékeré tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kà: níbo ni ìlú tí wọ́n ti pa á wà? Ta ló ṣáájú rẹ̀? Èyí tó mọ̀ yóò dáhùn, ẹ ó sì rí i pé ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an. Èyí tí kò mọ̀ á ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára.

Tí ìpè bá wá láti Ọ̀wọ̀

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n fi ìbọn àti bọ́ǹbù pa nǹkan bí ogójì èèyàn. Ìjọba àpapọ̀ sọ nígbà náà pé àwọn fura sí ISWAP. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni APC ń yan ẹni tí yóò du ipò ààrẹ ní Àbújá. Gómìnà wa nígbà náà, Akérédolú, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó padà sílé. Nítorí náà, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ikú olórí agbésùnmọ̀mí kan tó jẹ́ ìròyìn ọ̀nà jíjìn lásán.

Òfin tèmi le lórí èyí. Tí ẹni tó pè bá sọ pé òun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, tàbí pé èèyàn òun kú síbẹ̀, aago kò ká a lọ́wọ́ kò mọ́. Ẹ má já a lẹ́nu nítorí ìpolówó ọjà. Ẹ má bi í pé "ṣé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba báyìí?" Ẹ má sì bi í pé "ṣé ẹ rí i pé ìjọba já yín kulẹ̀?" Ọ̀kan náà ni ìbéèrè méjèèjì: ẹ fẹ́ fi í jẹ́rìí fún ẹgbẹ́. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ máa sọ, à ń gbọ́" tó. Ìyá kan pè nígbà kan, ó ní ẹni tí wọ́n ní ó kú yẹn, òun ò mọ̀ ọ́n, pé àwọn tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni òun fẹ́ kí wọ́n dá lẹ́jọ́ lójú òun, kí òun gbọ́ ìdí. Kò yọ̀, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olóṣèlú. Lẹ́yìn irú ìpè bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé ọmọ ẹgbẹ́ kankan sórí afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń fi orin sí i, orin tí kò ní ìlù púpọ̀, kí n tó padà.

Òfin NBC

Kíá ni n ó sọ èyí. NBC ni àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 2020, owó ìtanràn fún ọ̀rọ̀ ìkórìíra ròkè láti 500,000 náírà dé mílíọ̀nù 5. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n bu ìtanràn náà lé ilé iṣẹ́ rédíò kan l'Ékòó lójú wa, nígbà tí àlejò wọn, Obadiah Mailafia, sọ lórí afẹ́fẹ́ pé gómìnà kan ní Òkè Ọya jẹ́ ọ̀gá nínú Boko Haram. Ẹ lè rò pé ìtanràn náà tọ́ tàbí kò tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń fa ohùn sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan máa ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ yín sì wà nítòsí bọ́tìnì. Ẹni tó bá dárúkọ ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kan pé "gbogbo wọn," ẹ gé e, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi gé e.

Lẹ́yìn oṣù kan

Iṣẹ́ kò parí nígbà tí ìlà bá kú. Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí mo fi ń kọ ohun tí agbẹnusọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ lọ́jọ́ náà, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀: "Ogun ti dópin." "Irọ́ ni, ẹ máa rí fídíò rẹ̀." "Ọ̀nà oko á ṣí kí iṣu tuntun tó jáde." Lẹ́yìn oṣù kan, mo á pè wọ́n padà, mo á ka ọ̀rọ̀ wọn fún wọn, mo á béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi kún un. Àwọn kan máa ń gbà pé àwọn sáré sọ̀rọ̀. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidi. Àwọn kan kì í gbé fóònù. Fún àwọn yẹn, mo á ka ọ̀rọ̀ náà sórí afẹ́fẹ́, tòun ti ọjọ́ rẹ̀, láìfi nǹkan kan kún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà, n kò ní tíì kà á dé ìdajì tí wọ́n á ti máa pè.